Bí A Ṣe Ń Fi Òwú Kó Irun Nígbà Ọyẹ́ Kó Má Baà Já

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Sábẹ, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, ó di inú oṣù kejì kó tó lọ. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á sán, irun á gan, bí òòyà bá sì ti kàn án, á máa já. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń sọ pé irun àwọn ti le jù, tí wọ́n á lọ fi kẹ́míkà nà án. Irun náà kò le. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Irun kíkó ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń na irun láìlo iná, láìlo kẹ́míkà. Omi, òrí, òwú dúdú àti sùúrù ló gbà, sùúrù ló sì wọ́n jù lọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí irun wa tètè gbẹ. Awọ orí ń mú òróró tirẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Lára irun tó nà gbọọrọ, òróró yẹn á ṣàn wẹ́rẹ́ dé ṣóńṣó. Tiwa ká kọ́lọkọ̀lọ, nítorí náà òróró kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nídìí. Ibi tí fọ́nrán irun bá ti ṣẹ́rí padà náà ló ti máa ń tètè já. Ṣóńṣó ló sì dàgbà jù: irun ń hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, tiwa tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣóńṣó irun tó gùn tó ìka ọwọ́ ti rí oòrùn, eruku àti òòyà fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà. Ẹni tó ń da gbogbo òróró sí awọ orí tí kò ráńtí ṣóńṣó, ibi tí ebi kò pa ló ń gbé oúnjẹ lọ.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Òwú méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan jẹ́ òwú lásán, kò dán. Èkejì jẹ́ oní-rọ́bà, ó ń dán, ó sì le. Èyí tó dán yẹn ló máa ń mú irun dúró ṣánṣán bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀ṣọ́ tó ga, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìgbà tó ti le jù, ó sì lè gé irun tó rọ̀. Fún irun tí ẹ kàn fẹ́ nà kí ẹ sì pa mọ́, òwú lásán ni kí ẹ mú. Ẹ fi òrí díẹ̀ pa á kí ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òwú náà ni yóò mu òróró tí ẹ fi sírun.

Ẹ wá òòyà tí eyín rẹ̀ fẹ̀, ìlarun tí ẹ máa fi pín irun, abọ́ omi kan, ọṣẹ dúdú, ilá bíi mẹ́fà, àti òrí.

Lórí ọ̀rọ̀ òrí, ará Sábẹ kò ní àwíjàre. Igi èmí wà nínú oko, àwọn obìnrin sì ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò. Òrí tó dáa funfun, ó sì mú àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ dání. Bó bá ti ń rùn kíkan, ó ti bàjẹ́, ẹ má rà á nítorí pé ó pọ̀. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òrí máa ń dì gan-an. Ẹ má bù ú ní ògúlùtu kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irun. Ẹ bu èyí tó tó èékánná, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rà á títí yóò fi yọ́, torí ooru ara èèyàn tó láti yọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó rọ̀ títí lè po ṣíbí òrí méjì mọ́ ṣíbí òróró àgbọn kan. Àdín náà dára, bí ara yín bá gba òórùn rẹ̀.

Ẹ tú èyí tó wà lórí, kí ẹ sì fọ̀ ọ́

Láti ṣóńṣó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú àtijọ́, kì í ṣe láti ìdí. Ẹ gbé bíléèdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má lò ó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irun òun kì í gùn, bíléèdì tó fi ń gé òwú ló ń gé irun mọ́ ọn.

Irun yóò jáde lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Èèyàn ń pàdánù fọ́nrán irun tó àádọ́ta sí ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, gbogbo èyí tó sì yẹ kó ti jábọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti kó o ló wà nínú òwú yẹn. Ẹ mú fọ́nrán kan, kí ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ní nǹkan funfun kékeré, ó pé ọjọ́ rẹ̀ ló ṣe bọ́. Bí kò bá ní, tó sì kúrú ju àwọn yòókù lọ, ṣíṣẹ́ ló ṣẹ́, ìyẹn sì ni iṣẹ́ wà fún.

Ẹ pín irun sí mẹ́rin, kí ẹ lọ́ ìkọ̀ọ̀kan pọ̀ kó má baà lọ́ mọ́ra. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú ra irun ní tààrà. Eérú wà nínú ọṣẹ yìí, ó máa ń mú kí ara irun ṣí kó sì gan. Ẹ fọ́ díẹ̀ sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ pò ó títí yóò fi hó, omi yẹn ni kí ẹ dà sí awọ orí. Orí ìka ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe èékánná. Awọ orí ni kí ẹ fọ̀. Hóhò tó ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ ti tó ṣóńṣó. Ẹ ṣàn án dáadáa, títí omi yóò fi mọ́.

Àwọn kan máa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ìkẹyìn. Kò burú, ṣíbí kan nínú omi lítà kan, torí ó máa ń mú kí ara irun padà balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi omi lásán ṣàn án kúrò lójú àti lọ́rùn kí ẹ tó bọ́ sí ìta, nítorí ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn kì í bá awọ ara ṣọ̀rẹ́. Bí ẹ bá rí làpálàpá tàbí egbò lórí, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ná.

Yíya irun

Ẹ má ya irun gbígbẹ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ́ wọlé, ìyá mélòó ló ń ráńtí? Ẹ gé ilá, kí ẹ sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Omi tó ń fà yẹn, ẹ fi pa irun tútù ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọwọ́ kan di irun mú lókè kókó tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi òòyà ya ìsàlẹ̀ rẹ̀: ṣóńṣó kọ́kọ́, lẹ́yìn náà àárín, ìdí gbẹ̀yìn. Ọwọ́ tó di irun mú yẹn ni kì í jẹ́ kí ó dun ọmọ. Ẹ ṣàn ilá kúrò, kí ẹ fi aṣọ tó rọ̀ tẹ omi ara rẹ̀. Ẹ má fi táwẹ̀lì ha á.

Omi kọ́kọ́, òrí tẹ̀lé e

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Òrí kì í fún irun lómi. Ọmọrí ìkòkò ló jẹ́. Bí omi kò bá sí nínú ìkòkò, kí ni ọmọrí fẹ́ dé? Ẹni tó fi òrí pa irun gbígbẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígbẹ náà ni, ìdí nìyẹn tí irun á fi ń dán tí á tún máa já.

Ẹ jẹ́ kí irun gbẹ títí kò fi kán tó-tó mọ́ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ ṣì ń mọ ìtútù lára rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fi òrí tó ti yọ́ lọ́wọ́ pa á, láti ṣóńṣó lọ sókè. Ìdí kò nílò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Bí irun bá tutù jù nígbà tí ẹ ń kó o, kò ní tètè gbẹ nínú òwú, ó lè máa rùn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Kíkó gan-an

Ìyá àgbàlagbà kan wà tó ń kó irun nítòsí ọjà Sábẹ. Ọmọ á jókòó lórí ẹní, á gbé orí sáàárín orúnkún ìyá. Bóbìnì òwú wà lórí itan rẹ̀, ìka ọmọ-ńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń tẹ ìrù òwú mọ́lẹ̀, òun á sì máa bá ẹlẹ́lùbọ́ tó wà ní òdìkejì sọ̀rọ̀, kò ní wo ọwọ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin kan sọ pé, "Ìyá, etí ń dùn mí o." Kò jiyàn, kò ní kó fara dà á. Ó tú àwọn yíyí àkọ́kọ́ ní ìdí irun, ó tún un ṣe, ó sọ fún un pé, "Gbé ojú sókè kí n rí i." Ìpéǹpéjú ló ń wò. Bí awọ iwájú bá ti ń fa ìpéǹpéjú sókè, ó ti le jù.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ fi ìlarun pín irun sí ìpín méjìlá sí mẹ́rìndínlógún. Irun tó kún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ so àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ẹ gé òwú tó gùn tó apá méjì. Ẹ fi ìrù rẹ̀, tó bí ìka kan, tẹ́ gbọọrọ mọ́ ìdí irun, kí ẹ wá fi èyí tó gùn yí orí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ìrù náà á há sábẹ́ yíyí, kò ní sí kókó tí yóò máa ha awọ orí. Àwọn yíyí wọ̀nyí ni kí ó mú irun, kó má fún un lọ́rùn: ṣóńṣó ìlarun gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ wọn.

Ẹ wá fi ọwọ́ òsì na irun ṣánṣán, kí ọwọ́ ọ̀tún máa yí òwú sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ nínà lẹ ń wá, ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó ìka sílẹ̀ láàárín yíyí kan sí òmíràn. Irun á rí afẹ́fẹ́, ẹ sì lè fi omi sí i nígbà tó bá yá. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lẹ fẹ́, ẹ tò ó mọ́ra tímọ́tímọ́ títí irun kò fi hàn. Tí ẹ bá kù díẹ̀ kí ẹ dé òpin, ẹ ṣẹ́ ṣóńṣó irun padà sókè, kí ẹ yí òwú borí rẹ̀, kí ẹ sì ti orí òwú gba inú yíyí ìkẹyìn, kí ẹ fà á. Ṣóńṣó tí ọyẹ́ ìbá jẹ ti sá pamọ́ nìyẹn.

Èyí tó kù dọwọ́ yín. Ẹ lè tẹ̀ wọ́n kí ẹ so wọ́n pọ̀ lókè, ẹ lè dà wọ́n sẹ́yìn sí ìpàkọ́, ẹ sì lè gbé wọn nàró bí onílé gogoro. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ní 1968, ya onílé gogoro ní 1975. Ẹ wá fọ́tò yẹn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó sọ pé irun kíkó kò bá ìgbà mu.

Etí irun

Irun iwájú àti ti ẹ̀bá etí ló fẹ́lẹ́ jù lórí. Ẹ fi àwọn irun wẹ́wẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi òwú fà wọ́n wọlé nítorí ẹwà. Bí ẹ bá rí àwọn kókó wíwú kéékèèké ní ìdí irun lọ́jọ́ kejì, tàbí tí ẹ kò lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Ibi tó bá ń pá nítorí fífà máa ń padà hù bí ẹ bá tètè jáwọ́. Bó bá pẹ́ lọ́dún lọ́dún, ihò irun náà á di àpá, kò sì sí òróró tó lè ṣí i mọ́. Ọmọdé ni mo ń kọ èyí fún jù, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ títí a ó fi lù wọ́n léjìká pé kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Títí ọjọ́ títú

Ẹ fi ìborí tó ń dán sùn, torí ìrọ̀rí aṣọ lásán á máa mu omi irun lóru. Lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí àlàfo òwú, kí ẹ sì fi òrí tó yọ́ nu ún lẹ́yìn.

Ẹni tó ń ru ẹrù gbọ́dọ̀ rò ó kó tó jókòó kó irun. Òṣùká máa ń ha àárín orí, bí ìdí òwú bá sì wà níbẹ̀, irun ibẹ̀ á fẹ́lẹ́. Ẹ pín irun kó lè ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì tẹ́ ìborí yẹn kan náà sábẹ́ òṣùká. Bákan náà ni ti gèlè tó fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì dára. Ẹ má jẹ́ kó kọjá mẹ́ta. Bí ẹ bá tú u, irun á nà gbọọrọ, ẹ lè jọ̀wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fi di ṣùkú tàbí kọ̀lẹ́sẹ̀, torí irun tó ti nà rọrùn fún onídìrí. Ẹ jẹ́ kí orí sinmi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó tún kó o, kí ẹ sì la ojú irun gba ibòmíràn, kó má jẹ́ ìdí kan náà ni òwú á máa dì mọ́ nígbà gbogbo.