Àwọn àṣìṣe tó ń pa kọ̀ntírólà rọ́bọ́ọ̀tì àtijọ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Kọ̀ntírólà Fanuc R-J3 kan, ìyẹn kábínẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà tó ń darí apá rọ́bọ́ọ̀tì, wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Odógúnyán báyìí. Ó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e sínú kọ̀ǹténà, torí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un kẹ́yìn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí iná Ìkòròdú ni wọ́n pa á.

Mo ń kọ èyí fún àwa tí à ń tún ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ṣe, àti fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń rà wọ́n. Kọ̀ntírólà tó ti lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í sábà kú fúnra rẹ̀. Àwa la máa ń pa á, láàárín wákàtí àkọ́kọ́ tá a fọwọ́ kàn án. Èyí tó sì burú níbẹ̀ ni pé ohun tó tọ́ lára ẹ̀rọ mìíràn la sábà máa ń ṣe fún un.

Síso ó mọ́ iná láì ka àwo rẹ̀

Ẹni tó ra ti ṣọ́ọ̀bù mi yìí pe oníṣẹ́ iná kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ omi dáadáa. Ó rí i pé wáyà mẹ́ta ló wọlé, ó so féèsì mẹ́ta NEPA mọ́ ọn, ó gbé súíìṣì. 415V ni tiwa. Àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súíìṣì náà sì ti sọ ọ́ gbangba pé 200V ni kó jẹ. Bí 200V bá gba inú dáódù kọjá láti di DC, iná ọ̀nà kan bíi ti bátìrì, á di nǹkan bíi 283V. 415V á di 587V. Kapásítọ̀ tó ń gba iná yẹn sínú kò lè gbé e. Mẹ́ta ló ya lórí, oje wọn sì ta sára bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀. Mo fi òwú nù ún: ó ń yọ̀, ó sì ń rùn bí ẹja tó fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀rọ tó ti Japan wá sábà máa ń jẹ 200V, ti Amẹ́ríkà lè jẹ 480V, ti Jámánì àti Sweden 400V. Ọ̀pọ̀ kábínẹ́ẹ̀tì ló ní tiransifọ́mà nínú, tiransifọ́mà yẹn sì máa ń ní orí púpọ̀ tí wọ́n kọ iye iná sí lára. Orí tó bá iná wa mu ni kí ẹ kó wáyà lọ. Bí kò bá sí tiransifọ́mà nínú rẹ̀, ẹ ra tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó ronú kan súíìṣì. Kí ẹ sì fi mítà wọn iná ilé-iṣẹ́ yẹn lọ́sàn-án, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lóru, nítorí iná tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ́ là ń rí lára wáyà.

Àṣà kan wà ládùúgbò wa tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má gbé dé ìdí ẹ̀rọ yìí: bí féèsì kan bá lọ, a máa ń já wáyà láti ara féèsì kejì fi bọ́ ọ. Gílóòbù á tàn, fíríìjì á ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n féèsì mẹ́ta tí méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀kan náà kì í ṣe féèsì mẹ́ta mọ́.

Èyí tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin láì rí iná ní ìṣòro tirẹ̀. Kapásítọ̀ tí iná kò wọ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń di aláìlera nínú. Bí ẹ bá já gbogbo agbára iná lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè bẹ́. Ẹ já ẹ̀ka tó ń bọ́ mọ́tò sílẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìkan, kí ẹ wò bóyá 24V rẹ̀ pé. Àwọn kapásítọ̀ ńlá yẹn, ẹ fi iná díẹ̀díẹ̀ jí wọn lọ́tọ̀, fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ máa fọwọ́ sún iná náà sókè, kí ẹ sì máa ṣọ́ bóyá wọ́n ń gbóná.

Yíyọ bátìrì lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti paná

Ọwọ́ ara mi ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣágámù ló pè mí. Apá rọ́bọ́ọ̀tì wọn ń to páálí, ó ń ṣiṣẹ́, àlámù bátìrì nìkan ló ń yọ lójú pẹ́ńdáǹtì, pátákó ọwọ́ tá a fi ń darí apá náà. Ní ìdí apá náà, àpótí kékeré kan wà tí bátìrì mẹ́rin wà nínú rẹ̀, irú èyí tá à ń kì sínú tọ́ọ̀ṣì ńlá, 1.5V lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni pé kí n paná kí n tó ṣí ohunkóhun. Mo paná. Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo kó tuntun sí i, mo tanná padà. SRVO-062, àlámù pé iná bátìrì ti tán pátápátá, ló kún ojú pẹ́ńdáǹtì, lórí gbogbo oríkèé apá náà. Bàbá tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀ dúró tì mí, ó ní, “Ẹnjiníà, ṣebí ó ń ṣiṣẹ́ kẹ́ ẹ tó dé?” N kò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lára mọ́tò oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ńkódà kan wà tó ń ka iye ìgbà tí mọ́tò náà ti yí. Nígbà tí iná bá wà, kọ̀ntírólà ló ń bọ́ ọ. Nígbà tí iná bá lọ, bátìrì mẹ́rin yẹn nìkan ló kù fún un. Ẹni tó paná tó tún yọ bátìrì ti gba oúnjẹ méjèèjì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Apá náà ò mọ ibi tó wà mọ́.

Nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ntírólà nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ bátìrì ìdí apá. Bọ́tìnnì pàjáwìrì ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí apá má bàa yíra padà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀, kó jẹ́ alkaline gidi, kí ẹ sì máa ṣe é lọ́dọọdún.

Bó bá ti bàjẹ́ ná, ọ̀nà wà. Nínú ojú ewé Master/Cal, ẹ wá RES_PCA, èyí tó ń pa àlámù yẹn rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ paná, kí ẹ tún un tàn. SRVO-075, àlámù pé ẹ̀ńkódà kò tíì mọ ipò rẹ̀, lè yọ lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe wàhálà tuntun. Ẹ rọra fi pẹ́ńdáǹtì yí oríkèé kọ̀ọ̀kan díẹ̀, á kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé oríkèé kọ̀ọ̀kan títí ilà ara rẹ̀ á fi bá ilà kejì mu, kí ẹ tó ṣe mastering tuntun, ìyẹn fífi ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan wà han kọ̀ntírólà. Ojú lẹ ń fi wò ó, kò sì sí ojú tó lè mú un pé pérépéré bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi tún ibi tí páálí kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí ṣe, n kò sì gba kọ́bọ̀ fún un. Bí mo bá ti kọ iye mastering oríkèé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan ni, ǹ bá ní ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Orí bọ́ọ̀dù inú kábínẹ́ẹ̀tì, bátìrì mìíràn wà, lithium 3V, tó ń tọ́jú ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò sí fún ìdí apá. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Nínú KUKA KRC2, kọ̀ntírólà ilé-iṣẹ́ mìíràn, bátìrì 12V méjì ló wà, iṣẹ́ tiwọn sì ni kí kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ráyè paná ara rẹ̀ dáadáa bí iná bá lọ. Bí wọ́n bá ti kú, gbogbo ìgbà tí NEPA bá mú iná lójijì ni dísíìkì rẹ̀ ń jìyà. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò lára KRC2 nìyẹn.

Àìṣe ẹ̀dà

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bí kọ̀ntírólà bá lè tàn, àní bí apá ò tiẹ̀ lè mira, ẹ kó gbogbo inú rẹ̀ síta kí ẹ tó tú skúrù kan. R-J3 ń lo káàdì PCMCIA, káàdì pẹlẹbẹ tá a fi ń tọ́jú fáìlì. Àwọn kọ̀ntírólà ABB S4 ń lo fúlọ́pì, fúlọ́pì tó sì ti wà nínú ooru Èkó fún ọdún mẹ́wàá kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má sí ní ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń rà á náà, ẹ rí i pé kọ̀ntírólà àti apá wá pọ̀, kí nọ́ńbà ara wọn bára mu, kí pẹ́ńdáǹtì àti wáyà ńlá tó so wọ́n pọ̀ sì pé. Mo ti rí apá tí wọ́n rà nìkan, tí wọ́n ní àwọn á wá kọ̀ntírólà sí i bó bá yá. Ọjà onírin ní Owódé Onírin ló bá lọ.

Fíúsì oníwáyà àti afẹ́fẹ́ fọganáísà

Fíúsì jó, ẹnìkan sì bó irun wáyà kan, ó wé e mọ́ ọn lórí. Fíúsì kì í jó lásán nínú ẹ̀rọ yìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wáyà kan ló ti gé nínú kébù tó ń tẹ̀ tó ń nà pẹ̀lú apá. Bí irun wáyà yẹn bá gbà á, bọ́ọ̀dù ló máa jó dípò fíúsì.

Ẹ lọ sí ojú ewé ìtàn àlámù, kí ẹ ka èyí tó kọ́kọ́ yọ. Èyí tó wà lójú pẹ́ńdáǹtì sábà máa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Atẹ́gùn ọ̀sà wà lára wa ní Ìkòròdú. Ẹ yọ kọ́nẹ́kítọ̀ kan nínú ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ wò ó sójú oòrùn, ẹ ó rí àwọ̀ ewé lẹ́nu irin rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù lọ fún fọganáísà kó fẹ́ ẹ. Omi wà nínú táǹkì afẹ́fẹ́ yẹn, ó ń bá afẹ́fẹ́ jáde. Àwọn mìíràn ń fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń jẹ ike, ó sì lè gbiná. Isopropyl, ọtí ìfọ̀nkan, tó mọ́ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kí ẹ tó yọ bọ́ọ̀dù kankan, ẹ ya fọ́tò ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan wà. Mo ti rí ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé orí rẹ̀.

Síso ẹnu ààbò pọ̀

Èyí ló ń já mi láyà jù. Kọ̀ntírólà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ọgbà àti ilẹ̀kùn tó ń dá a dúró sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà kò ní gbà láti ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn wa á fi wáyà so ẹnu ibi tí wáyà ààbò yẹn ń wọ̀ pọ̀ kí wọ́n lè dán an wò, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí láé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1979, ní ilé-iṣẹ́ Ford kan ní Flat Rock, ìpínlẹ̀ Michigan, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Robert Williams gun ibi ìkẹ́rù lọ kó ẹrù. Apá ẹ̀rọ gbá a lẹ́yìn, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ láti dán an wò, ẹ fi sí T1, ipò ìdánwò, níbi tí kò ti ní sáré ju 250 mílímítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí súíìṣì ẹ̀yìn pẹ́ńdáǹtì, èyí tó ń dá apá dúró bí ẹ bá fi í sílẹ̀, wà lọ́wọ́ yín, kí bọ́tìnnì pàjáwìrì sì wà níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn lè kàn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá parí ni kí ẹ tú u. Kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú kábínẹ́ẹ̀tì, ẹ paná, ẹ dúró ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí ẹ sì tún fi mítà wò ó, torí kapásítọ̀ kì í mọ̀ pé ẹ ti paná.

Kí ẹ má sì tú bíréèkì oríkèé kejì tàbí ìkẹta láì fi nǹkan gbé apá náà dúró. Bíréèkì yẹn nìkan ló ń dì í mú nígbà tí mọ́tò kò bá ní iná. Á wálẹ̀ lójijì, kò sì sí ọwọ́ tó lè dá a dúró.

Ti ṣọ́ọ̀bù mi, kapásítọ̀ tuntun rẹ̀ ti dé, tiransifọ́mà náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ti fi bẹ́líìtì ìgbẹ́rù kọ́ apá náà mọ́ òpó irin òrùlé, mo sì ti fi ẹfun fa ilà sílẹ̀ yí i ká. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé títí n óò fi sọ pé ó tó, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọdọ̀ kọjá ilà yẹn.