Bí Èmi àti Màámi Ṣe Pààrọ̀ Bàálù ní Doha

Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Manchester, màámi sì fàáké kọ́rí pé àwọn ni àwọn máa wẹ ọmọ náà. Ọwọ́ mi ni sísìn wọ́n lọ bọ́ sí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí agbára wa ká kò lọ tààrà: Èkó sí Doha ní Qatar, ká sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ká wọ òmíràn lọ sí Manchester. Gbogbo ẹ̀rù mi wà lórí Doha yẹn. Pápákọ̀ òfúrufú tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ jù ni ti Ìlọrin tó wà nítòsí wa. Ti Doha, mo gbọ́ pé wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin nínú ilé ni.

Àtilé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Màámi rọ òrí sínú ike ńlá, wọ́n tì í sínú báàgì ọwọ́. Mo yọ ọ́, mo kó o sínú àpótí tó máa lọ sísàlẹ̀ bàálù, torí nǹkan olómi tàbí ìpara tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í kọjá níbi àyẹ̀wò. Èlùbọ́ tí a rà lọ́jà Jagun náà wọ àpótí. Wàrà ni a jà lé lórí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí èèyàn kó wàrà tàbí ẹran wọlé láti Nàìjíríà. Màámi ní, "Ṣé àwọn òyìnbó kì í jẹ wàrà ni?" Mo ní wọ́n ń jẹ ẹ́, tiwọn ni wọ́n ń jẹ.

Ní Èkó, mo dúró ti ọmọbìnrin tó ń lẹ ìwé mọ́ àpótí wa títí mo fi rí MAN lára rẹ̀, ìyẹn Manchester. Ó túmọ̀ sí pé a ò ní fojú kan ẹrù yẹn ní Doha. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìlera lọ màámi, ọ̀fẹ́ sì ni. Màámi ní àwọn ò ṣàìsàn. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Nǹkan bíi wákàtí méje la lò lófúrufú. Bí a ṣe balẹ̀, mo yí aago mi síwájú ní wákàtí méjì, torí aago Doha ni wọ́n kọ sórí ìwé ìwọkọ̀ kejì. Àwọn tó ń wọ ìlú ya lọ. Àwa tẹ̀lé àmì Transfers, ìyẹn ti àwọn tó ń pààrọ̀ bàálù. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ yẹ ẹrù ọwọ́ wa wò. Omi tí wọ́n fún wa nínú bàálù, ibẹ̀ la sọ ọ́ nù sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pápákọ̀ náà wá ṣí sílẹ̀. Ilẹ̀ ń dán débi pé màámi ká ìró wọn sókè bí ẹni fẹ́ la odò. Wúrà, lọ́fínńdà, aago olówó gọbọi, ìsọ̀ lọ́tùn-ún, ìsọ̀ lósì. Lójú tèmi, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó rántí pé bàálù máa balẹ̀. Láàárín gbọ̀ngàn ni ère béárì aláwọ̀ ìyeyè kan jókòó sí, gíga rẹ̀ tó mítà 7, tòun ti àtùpà ràgàjì lórí. Ọmọ Switzerland kan, Urs Fischer, ló ṣe é. Màámi wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀: "Ta ló bí ọmọ tó máa fi eléyìí ṣeré?"

Mo lọ síwájú pátákó ìsọfúnni. Kéèyàn wá Manchester nìkan kò tó, torí bàálù tó ń lọ síbẹ̀ lóòjọ́ lè ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ńbà bàálù ni kéèyàn dì mú. Ẹ̀ka A dé E ni wọ́n pín ilé náà sí, D sì ni tiwa, lápá ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀: nínú gbogbo ilé ràbàtà yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kàn wá.

Ibi tí màámi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Èdè Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo àmì tó wà lókè. Èmi ṣì ń wá ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ti ka ti Lárúbáwá tán. Ilé kéwú tí wọ́n lọ ní kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn ló rí yàrá ìrun kí n tó rí i. Nígbà tí wọ́n kírun tán, wọ́n fi sàláámù kí òṣìṣẹ́ kan tó ń nu ilẹ̀, ẹni yẹn sì fi kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sìn wá dé ibi ọkọ̀ ojú irin. Òkè orí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń gbà kọjá. A sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ọgbà kan tí wọ́n ṣí ní 2022, igi gidi lábẹ́ òrùlé onígíláàsì. Màámi já ewé kan wò kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe rọ́bà. Mo ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má baà lé wa jáde.

Ní géètì, wọ́n tún yẹ pásípọ́ọ̀tù àti físà wò, a sì wọlé.

Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà gba Doha, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó fi wákàtí kan péré sáàárín bàálù méjèèjì, bó ti wù kó dínwó tó. Wákàtí mẹ́ta ló dáa. Wọ́n á ráyè kírun, wọ́n á ráyè sinmi ẹsẹ̀, wọ́n á tún ráyè bú béárì.