Ẹ Pe Iye Ọjà Yín, Kí Ẹ Dákẹ́: Bí Ẹnu Ṣe Ń Le Níwájú Oníbàárà

Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà tó mọwọ́ adìrẹ ju èmi gan-an lọ. Bó bá fi ìko di aṣọ, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ ló dì í. Ṣùgbọ́n kí oníbàárà bi í pé èló ni, ojú rẹ̀ á wálẹ̀, ohùn á wọnú, á máa fọwọ́ ra etí aṣọ. Kì í ṣe onítìjú o. Tó bá dibi eré, ohùn rẹ̀ là ń gbọ́ lókè. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Abẹ́òkúta ni mo wà, adìrẹ ni mò ń tà, òun náà ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó ń ta ọṣẹ, tó ń ta ilẹ̀ tàbí tó ń wá iṣẹ́ á rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń bi aláṣọ: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé kò ní ṣá? Kí ni nǹkan tí wọ́n yà sára rẹ̀ yìí? Kí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà létè yín. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko dì, ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sí lára. Èyí tí wọ́n fi elú rẹ á tú aró díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n dá a fọ̀ nínú omi tútù. Ẹni tó bá purọ́ pé kì í tú, ẹ̀rù ni yóò máa bà á ní gbogbo ìgbà tó bá rí oníbàárà yẹn lọ́ọ̀ọ́kán.

Tó bá jẹ́ adìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn lẹ gbé dání, ẹ fìka tọ́ka sí òpó Mápó tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sọ pé gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, làwọn aládìrẹ yà síbẹ̀. Ẹnu tó bá ní ìtàn kékeré kan tó dá a lójú kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Ohùn ni kí ẹ fi ṣe é, ẹ má fi inú ṣe é

Gbólóhùn mẹ́ta péré: orúkọ yín, ohun tí ẹ ń tà, ohun kan tó mú un yàtọ̀. Ẹ máa sọ ọ́ sókè nígbà tí ẹ bá ń fọ abọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ dúró síwájú dígí. Èmi ò fara mọ́ dígí, nítorí ojú ara ẹni lèèyàn máa ń wò níbẹ̀, kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ. Fóònù ni kí ẹ fi gba ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ lọ gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀. Ojú á tì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tún un gbà. Àwọn ìyá wa tó ń kiri àgbàdo kò lọ sílé ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kankan. "Láńgbé jiná o" tí wọ́n ń ké láti àdúgbò dé àdúgbò ni ẹnu wọn fi le.

Mo máa ń jẹ orógbó díẹ̀ kí n tó bọ́ síwájú èrò. Bí ẹ ò bá lè fara da kíkorò rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà dáa. Omi dídì ni kí ẹ má mu.

Owó: ibí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba àyè níbi ìpàtẹ ọjà kan n'Ìkẹjà, obìnrin kan mú aṣọ yáàdì márùn-ún, ó ń fi àtàǹpàkò pa á. "Èló ni?" Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni, mà." Kò fèsì, ó ṣáà ń wo aṣọ. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu mi ti já: "Ẹ mú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá." Kò tíì fèsì. "Ó dáa, mẹ́tàlá, torí pé ẹ̀yin ni." Ó san mẹ́tàlá. Ìgbà tó ń ki aṣọ bọ báàgì ló wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aláṣọ, mò ń wò ó bóyá á bá gèlè mi mu ni. Mi ò tíì ná an." Bí 5,000 náírà ṣe lọ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ pe iye, kí ẹ dákẹ́. Ẹ ka oókan dé ẹ̀ẹ́wàá nínú. Á dà bíi pé ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ṣùgbọ́n oníbàárà kò bá yín jà, ó ń ṣírò owó rẹ̀ ni. Ọwọ́ ló máa ń kó báni nírú àkókò yẹn, ẹ wá nǹkan fún un ṣe. Èmi máa ń ká aṣọ míì. Ẹ má tẹ fóònù, wọ́n á ní ẹ ò ka àwọn sí.

Ẹ má fi "ẹ má bínú" ṣíwájú iye owó. Kí lẹ ṣe fún un? Ẹ má sì gbé ohùn sókè ní ìparí bí ẹni tó ń bèèrè, "ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún?" Ta lẹ ń bi? Ẹ jẹ́ kí náírà yẹn balẹ̀.

Ti àgbàlagbà ló tún máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú jù. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹ ti dìde kí ẹ tó pe iye. Iye tí èèyàn pè lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń jọ.

Wọ́n á ná an, dandan ni. Kí iye mẹ́ta wà lọ́kàn yín kí ilẹ̀ tó mọ́: èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ pè, èyí tí ẹ fẹ́ gbà, àti èyí tí ẹ ò ní sọ̀ kọjá. Mo máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn páálí, mo sì máa ń tì í sábẹ́ aṣọ. Bó bá ná an ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, "Kò gbà, mà" ti tó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ aró tó wọ́n. Ẹ dúró kó fi lé e. Tí ẹ bá máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gba nǹkan dípò rẹ̀: kó mú méjì, tàbí kó san gbogbo owó lójú ẹsẹ̀. Àkọ́tà àárọ̀ nìkan ni mo máa ń yọ̀ǹda fún. Ẹ má bi mí nídìí, bí ìyá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Kí ẹ tó jáde lọ dán an wò, ẹ wá àbúrò yín tó lágídí jù, kó ṣe oníbàárà, kó wojú yín láìsọ̀rọ̀. Ogún ìgbà. Bisikíìtì ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́

Ẹ wà lára ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́ tó máa nawọ́. Bí ẹ bá ṣe ń pẹ́ tó ni àyà yín á ṣe máa já tó. Ẹ kí ìjókòó ní ṣókí, kí ẹ wo ojú ẹnì kan tó ń mi orí, kí ẹ tó wo ẹlòmíì. Ẹ má mú ìwé dání, gbígbọ̀n rẹ̀ á tú yín fó. Páálí tí wọ́n fi ń ká aṣọ ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí. Òun kì í gbọ̀n.

Ẹni tí ẹ bá pàdé

Mi ò ná kọ́bọ̀ lórí káàdì. Mo máa ń gé adìrẹ tó ṣẹ́ kù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kí n fi máàkà kọ orúkọ àti nọ́ńbà mi síbi tó funfun. Bírò kò dáa, ó máa ń fà. Ẹ bèèrè orúkọ onítọ̀hún, ẹ pè é lójú ẹ̀ kí ẹ tó pínyà. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kí ẹ dárúkọ ohun tí ẹ jọ sọ: "Èmi ni aláṣọ tí ẹ bi nípa òpó Mápó." Fọ́tò kan ṣoṣo, ẹ má da mẹ́wàá lù ú. Bí kò bá fèsì, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún kí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà yín ṣì wà lára aṣọ tó wà nínú báàgì rẹ̀.