Ẹ má fi ìwàǹwára kọ fọ́ọ̀mù SS1: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú yíyan sọ́bújẹ́ẹ̀tì

Tọ́mọ bá ti ṣe JSS3 tán, ilé ìwé á fún un ní fọ́ọ̀mù kan mú wálé, pé sáyẹ́ǹsì ló fẹ́ ṣe ni àbí àáàtì àbí kọmáṣíà, kó sì kọ àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n ti ń kọ ọ́ tán, bàbá á fọwọ́ sí i, ó parí. Ó di ọdún mẹ́ta sí i kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwé pélébé yẹn ló ti sọ kọ́ọ̀sì tọ́mọ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe rárá. Lẹ́sìnnì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì máa ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù JAMB, ohun tó ń dùn mí jù ni kí n rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa, tí kì í ṣe ọ̀lẹ, tí wọ́n wá ní kò yẹ nítorí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí kò ṣe.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo àṣìṣe yìí ni kéèyàn yan kíláàsì láìtíì ronú kan kọ́ọ̀sì. Ìparí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lọmọ máa ṣe ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì ni dandan fún gbogbo wọn, ìbéèrè 60 ni tiẹ̀, àwọn mẹ́ta tó kù jẹ́ 40 40, máàkì 400 ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù yẹn kì í ṣe èyí tó bá wu ọmọ o, kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ṣe ló ń sọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, Biology, Chemistry, Physics. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Maths, Physics, Chemistry. Computer Science, Maths àti Physics kó tó wá mú ìkẹta. Yunifásítì á tún wo èsì WAEC, kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń wá, àwọn sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí kọ́ọ̀sì yẹn ń béèrè sì gbọ́dọ̀ wà lára márùn-ún yẹn. Èyí tọ́mọ ò bá wá kọ́ láti SS1, níbo ló ti fẹ́ rí i?

Ẹ wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì pọ̀ gan-an, wọ́n á wá lọ bẹ tíṣà pé kó bá àwọn yọ Physics kúrò torí pé ó le, wọ́n á fi Food and Nutrition tàbí Agric dí i, wọ́n rò pé tí Biology àti Chemistry bá ti wà, ó ti tán, ṣebí ara èèyàn ni nọ́ọ̀sì ń tọ́jú. Kò tán o. Physics wà lára ohun tí Nursing ń béèrè ní yunifásítì, ó wà lára ohun tí Pharmacy ń béèrè, àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì náà ń béèrè ẹ̀. Mo kọ́ ọmọ kan tó gba A1 nínú Biology, ó gba B nínú Chemistry, Gẹ̀ẹ́sì àti Maths ẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ ilé ìwé ẹ̀ ti gbà á láyè láti fi Physics sílẹ̀ látìgbà tó ti wà ní SS1. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọdún tó yẹ kó wọlé gan-an ló tún padà wá ń bẹ̀rẹ̀ Physics látìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá ti wọ sáyẹ́ǹsì, ẹ má jẹ́ kó sá fún Physics. Tó bá le, ẹ wá tíṣà tó máa tún un kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Literature ni Physics àwọn ọmọ àáàtì. Ọmọ á ní lọ́yà lòun fẹ́ ṣe, á tún ní òun ò lè ka gbogbo ìwé eré oníṣe àti ewì yẹn, kí wọ́n jẹ́ kóun mú nǹkan míì. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gba ọmọ sí Law láìsí kírẹ́dìtì nínú Literature in English. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ kíláàsì kọmáṣíà ni wọ́n wà, wọ́n ń ṣe Accounting àti Commerce, ìgbà tí wọ́n dé SS3 ni ọkàn wọn yí sí Law, wọ́n ní ṣebí àwọn ń ṣe Government. Government dáa, àmọ́ Literature ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéraga náà wà ńbẹ̀, ó sì ń bí mi nínú. Ní ilé ìwé wa, ọmọ tó bá gba máàkì tó pọ̀ ni wọ́n ń kó sí sáyẹ́ǹsì, àwọn tó kù ni wọ́n ń dà sí àáàtì, àwọn ọmọ fúnra wọn á wá gbà pé olódo ló wà níbẹ̀. Òbí náà á sọ pé ọmọ òun ò lè ṣe àáàtì, kí ni òun máa sọ fún àwọn èèyàn. Rotimi Williams wà lára àwọn méjì tó kọ́kọ́ gba SAN, oyè àgbà lọ́yà ní Nàìjíríà, ní 1975. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akintola Williams, ìṣirò owó ló ṣe, òun lọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba oyè akáńtáǹtì chartered, ní 1949. Ọmọ ìyá kan náà, kò sí dókítà nínú àwọn méjèèjì, ta ló fẹ́ pè wọ́n lólódo? Ọmọ tó fẹ́ràn kó máa kọ̀wé, kó máa jiyàn, kó máa ka ìtàn, tẹ́ ẹ bá fipá tì í sí Chemistry, F9 ni yóò mú wálé, ẹ̀yin náà á sì máa nà án pé kò gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ Maths ti wá dá kún wàhálà náà báyìí. Ní October 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ àáàtì kò nílò kírẹ́dìtì nínú Maths mọ́ kó tó wọlé sí yunifásítì, inú àwọn ọmọ sì dùn dé góńgó. Àmọ́ wọ́n tún ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé Gẹ̀ẹ́sì àti Maths ṣì jẹ́ dandan láti forúkọ sílẹ̀ fún nínú WAEC. Àwọn tó fẹ́ ka Economics tàbí Accounting, Maths wà nínú JAMB tiwọn, ìkéde yẹn ò kàn wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó bá sọ pé àáàtì lòun, tó wá ju Maths nù, tí ọkàn ẹ̀ bá yí sí Economics ní SS2 ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó jù ú nù.

Ẹ tún máa ń gbàgbé láti wo ilé ìwé gan-an. Orúkọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì lè wà lórí fọ́ọ̀mù kó má sí tíṣà tó ń kọ́ ọ. Physics, Chemistry àti Biology ní práktíkà nínú WAEC, ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, ọmọ tí kò di búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn omi kẹ́míkà, mú rí kó tó di ọjọ́ ìdánwò máa gbọ̀n jìnnìjìnnì ni. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi láàbù hàn yín, ẹ béèrè ta ló ń kọ́ Further Maths àti Technical Drawing, ṣé ó wà ńbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ni àwọn ọmọ tó ṣe é mú jáde. Ilé ìwé tó bá dáa ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló kéré jù ní WAEC, mẹ́sàn-án ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mú èyí tí kọ́ọ̀sì nílò, ó máa ń ku àyè méjì tàbí mẹ́ta, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń kó ohunkóhun sí i, èyí tí ọ̀rẹ́ ọmọ ń ṣe, èyí tí tíṣà ẹ̀ kì í nani. Ẹ jẹ́ kí àyè yẹn la ọ̀nà kejì fọ́mọ. Ọmọ sáyẹ́ǹsì tó bá ṣe Economics pẹ̀lú Maths ẹ̀, tí ẹnjiníà ò bá bọ́ sí i, ó ṣì lè yà sí Economics. Ẹni tó ń ro ilé yíyà, kó mú Technical Drawing. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ wíwọ̀n, kó mú Geography.

Yorùbá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn òbí kan máa ń yọ ọ́ kúrò pé kí ló fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì ni ní WAEC, sọ́bújẹ́ẹ̀tì ni ní JAMB, ọmọ àáàtì lè fi kírẹ́dìtì ẹ̀ wọlé sí oríṣiríṣi kọ́ọ̀sì, iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn wà níbẹ̀, iṣẹ́ ìtumọ̀ wà níbẹ̀, iṣẹ́ tíṣà wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń ka a dáadáa kì í sábà gba kírẹ́dìtì tì nínú ẹ̀, àyàfi tó bá rò pé ẹnu lásán tóun fi ń sọ ọ́ nílé ti tó, tí kò ka ìwé ẹ̀, tí kò mọ àmì ohùn.

Bọ́rọ̀ bá ti wá bàjẹ́, ẹ má pẹ́. Tọ́mọ bá máa yí kíláàsì padà, téèmù àkọ́kọ́ SS1 ló dáa jù, kó máà kọjá ìparí SS1, torí máàkì ilé ìwé láti SS1 dé SS3 náà wà lára ohun tí WAEC ń gbà. Tó bá ti wà ní SS3, tí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ò sí, kó ṣe àwọn tó ní dáadáa, kó wá fi GCE, ìyẹn WAEC téèyàn ń forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ fún láìgba ilé ìwé, gba èyí tó kù, àwọn tó ń ṣe GCE kì í ṣe práktíkà gan-an, ìbéèrè lórí ìwé ni wọ́n ń dáhùn dípò ẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá yunifásítì àti kọ́ọ̀sì tó fẹ́ ń gba èsì ìdánwò méjì pọ̀, torí àwọn kan kì í gbà á. Gbogbo ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè wà lórí IBASS, ojú òpó JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó wọn sí, ọ̀fẹ́ ni, fóònù yín lè ṣí i, kí ẹ̀yin àtọmọ jọ wo kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó wù ú níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé bírò.