Nọ́ńbà wo ni kí ẹ fún binding láíbúrárì C?

Ẹ ti kọ binding Rust (kóòdù tó ń jẹ́ kí Rust lè pe láíbúrárì C) fún zlib, láíbúrárì tó ń fún dátà pọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù yín ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ku kí ẹ gbé e sí crates.io, ibi tí wọ́n ń kó pákéèjì Rust (crate) sí. (Àpẹẹrẹ lásán ni zlib níbí, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀rọ Linux tí kò ní in. libz-sys, binding rẹ̀, ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹ má ṣe òmíràn kún un.) Cargo, irinṣẹ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ Rust, yóò béèrè nọ́ńbà ẹ̀dà lọ́wọ́ yín. Ohun tó sábà ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé bí zlib tí ẹ lò bá wà ní 1.3.1, kí binding náà jẹ́ 1.3.1. Ẹ má dán an wò.

Gaàrí tí wọ́n ń kó wọ ọjà Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀tọ̀ ni gaàrí, ọ̀tọ̀ ni àpò. zlib ni gaàrí, binding ni àpò: àpò lè ya kí gaàrí má ṣe ohunkóhun. Ká ní ẹ kọ `u32` (nọ́ńbà báìtì 4) síbi tó yẹ kí `c_ulong` (irú nọ́ńbà C) wà: lórí Linux 64-bit, báìtì 8 ni `c_ulong`, lórí Windows báìtì 4. Lórí Windows ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lórí Linux zlib á kọ báìtì 8 sínú àyè 4, yóò sì ba ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àpò ló ya yẹn. Nọ́ńbà wo lẹ máa fún àtúnṣe rẹ̀? 1.3.2 kì í ṣe tiyín, ti zlib ni. Ẹni tó bá ti mọ́ ọn lára láti máa lo Debian (irú Linux kan) á ní kí ẹ kọ 1.3.1-1, ṣùgbọ́n nínú SemVer, òfin nọ́ńbà tí Cargo ń tẹ̀lé, ẹ̀dà ìdánwò ni ohun tó bá ní dáàṣì lẹ́yìn, ó sì kéré sí 1.3.1 gan-an; ẹni tó kọ "1.3.1" sínú Cargo.toml (fáìlì ètò) rẹ̀ kò ní rí i gbà láéláé. 1.3.1+1 kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá wà lẹ́yìn àmì + kì í wọ inú ìṣirò, crates.io kì í sì í gba ẹ̀dà méjì tó jẹ́ pé ẹ̀yìn + nìkan ni wọ́n ti yàtọ̀.

Ẹ fún binding ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0.1.0. Bí ẹ bá kó kóòdù C láíbúrárì náà pọ̀ mọ́ tiyín, ẹ lè fi nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn +, bí libgit2-sys, binding láíbúrárì libgit2, ṣe ṣe é: 0.17.0+1.8.1. Ti binding ni 0.17.0, ti libgit2 ni 1.8.1. Bó bá jẹ́ èyí tó wà lórí ẹ̀rọ oníṣẹ́ lẹ ń lò, ẹ fi + sílẹ̀, nítorí irọ́ ni yóò máa pa.

Ní ti bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè: títí dé 1.0.0, ipò kejì ni Cargo ń kà sí ńlá. Ẹni tó kọ "0.3.1" lè gba 0.3.9, kò lè gba 0.4.0. Àfikún function àti àtúnṣe build.rs (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ kí Cargo tó kọ́ crate), ipò kẹta ni wọ́n ń gbé. Bí ẹ bá yọ function kúrò, tàbí tí ẹ yí irú páráḿítà rẹ̀ padà, ipò kejì ni. `u32` òkè yẹn ńkọ́? Lójú òfin, ìyípadà ńlá ni. Lójú tiwa, ipò kẹta ló yẹ ẹ́: ẹni tó ń pè é lórí Linux ti wà nínú ewu tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tí ó tọ́ kí ẹ dáàbò bo kóòdù rẹ̀ tó ń ba mẹ́mọ́rì jẹ́. Ẹ kọ ọ́ gbangba sínú CHANGELOG, àkọsílẹ̀ ìyípadà.

Ibi tó ti le jù ni `links`, tó ń sọ láíbúrárì C tí crate so mọ́. Nínú Cargo.toml, binding máa ń ní:

```
links = "z"
```

Pákéèjì kan ṣoṣo ló lè ní iye yìí nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ kan gbára lé, bí Awùjalẹ̀ kì í ti í pé méjì lórí ìtẹ́. Crate lásán lè wà ní 0.3 àti 0.4 nínú iṣẹ́ kan náà láìsí ìjà. Èyí tó ní `links` kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ sí 0.4.0, tí crate àwòrán kan ṣì di 0.3 mú, tí crate zip ti gba 0.4, ẹni tó ń kọ áàpù ní Ṣágámù tó nílò àwọn méjèèjì ti há. Cargo á kọ̀ jálẹ̀ kó tó kọ́ laini kan, àfi kó dúró de ẹni tó ni crate àwòrán náà, tó lè má dá ìwé rẹ̀ lóhùn fún oṣù mẹ́fà.

Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ṣọ́ nọ́ńbà ńlá bí ojú. Ní 2021 OpenSSL, láíbúrárì ààbò, kúrò ní 1.1.1 bọ́ sí 3.0, libssl.so.1.1 di libssl.so.3, síbẹ̀ openssl-sys, binding rẹ̀, kò kúrò ní 0.9. build.rs rẹ̀ ló ń wo ẹ̀dà tó bá lórí ẹ̀rọ, tó sì ń fi `cfg` (àmì tó ń tan kóòdù tàbí pa á) tan àwọn function tó bá a mu. Ẹ ṣe bákan náà, tàbí kí ẹ kó ohun tuntun sábẹ́ feature (ẹ̀yà tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ ń tàn fúnra rẹ̀) bíi `v1_3`. Feature tuntun kì í ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dà zlib tó kéré jù tí ẹ lè gbà, tí build.rs ń fi pkg_config yẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ:

```
pkg_config::Config::new().atleast_version("1.2.11").probe("zlib")
```

1.2.11 ni Ubuntu 22.04 ní, 24.04 ní 1.3. Bí ẹ bá sọ ọ́ di "1.3" nínú 0.3.5, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìjagun lórí 22.04 á ṣe `cargo update` (tó ń fa ẹ̀dà tuntun wá) láàárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Sábẹ́ feature ni kí ẹ fi ohun tó bá nílò 1.3 sí.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kọ́ ọ nínú Docker (àpótí tó ń ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn) lórí 22.04 àti 24.04, kí ẹ ṣe `cargo semver-checks` (ó ń wá ìyípadà ńlá), tí kì í rí ohun gbogbo, pàápàá irú tó yí padà, lẹ́yìn náà `cargo publish --dry-run`, ìdánwò tí kì í gbé e jáde. Nọ́ńbà tó bá ti jáde kò ṣeé tún lò. Bó bá bàjẹ́, ẹ ṣe `cargo yank --version 0.3.5` kíá, kí ẹni tuntun má bàa gbà á, kí ẹ gbé 0.3.6 tẹ̀lé e. Ẹni tó ti ní 0.3.5 nínú Cargo.lock (àkọsílẹ̀ ẹ̀dà tó ti ń lò) ṣì lè rí i fà, nítorí náà yank nìkan kò tó fún un.