Bí A Ṣe Ń Yan Ìgbèjà Tí Dúdú Lè Fi Jẹ Nínú Chess

Funfun ló ń kọ́kọ́ ta, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tó bá mú dúdú fi ń wá ọ̀mì láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jẹ ni, bí àwọn pawn, ìyẹn ọmọ ayò kéékèèké tó wà níwájú, ṣe máa tò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ sá fún ohun tó dà bí àwòrán inú dígí. Funfun ti pawn sí e4 (lẹ́tà ni òpó, nọ́mbà ni ìlà), ẹ ti e5. Ẹṣin rẹ̀ lọ f3, tiyín lọ f6: ìgbèjà tí wọ́n ń pè ní Petroff nìyẹn. Ó le bí àpáta, àmọ́ bí ìhà méjèèjì bá jọra, kí lẹ fẹ́ fi borí? Nígbà tí Fischer ará Amẹ́ríkà ń bá Spassky, tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà náà, du ipò ní Reykjavík, Iceland, lọ́dún 1972, ó pàdánù ayò kìn-ín-ní, kò yọjú sí èkejì. Ó mú dúdú ní ẹ̀kẹta, ó ta Benoni, ìgbèjà tí pawn ìhà méjèèjì kì í jọra, ó sì na Spassky.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé pátákó wá ká wo ìgbèjà Sicilian. Funfun ti e4, ẹ ti c5. Ẹṣin rẹ̀ lọ f3, ẹ ti d6. Ó ti d4, ẹ fi pawn c pa á, ẹṣin rẹ̀ sì pa tiyín. Ẹ wá ka pawn àárín: méjì lẹ ní, d àti e, Funfun ní ẹyọ kan. Òpó c sì ti là fún rook yín, èyí tó máa ń rìn tààrà. Owó ọjà náà ni pé nǹkan ìjà Funfun máa ń tètè jáde, ọba yín ló sì máa ń dojú kọ.

Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ bi ara yín: báwo ni Funfun ṣe lè pa iná ẹ̀? Nínú ìgbèjà French (e4, e6; d4, d5), ó kàn máa pààrọ̀ pawn ní d5, dígí tún dé. Bó bá fi d4 bẹ̀rẹ̀, ìgbèjà King's Indian ni èmi fẹ́ràn: ẹ jẹ́ kó gba àárín, ẹ fi ọba pamọ́, ẹ ti e5. Bó bá wá fi d5 dí àárín pa, f5 ló kù.

Ẹ má há ìgbésẹ̀ sórí lásán o. Mo há Najdorf, ẹ̀ka kan nínú Sicilian, sórí títí dé ìgbésẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún rí, ẹni tí a jọ ta ayò bá ti c3 ní ìgbésẹ̀ kejì, ojú mi dá wáí. D5 ni kí ẹ fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Bó bá pa á, ẹ fi ayaba pa á padà. Pawn rẹ̀ ti dí c3, ẹṣin rẹ̀ kò ríbi gbà wá lé ayaba yín.