Bí Ẹni Tó Ń Dágbé Ṣe Lè La Ọyẹ́ Já ní Ìlọrin

Ẹ kú ọyẹ́ o. Èmi nìkan ni mo ń gbé yàrá mi ní Ìlọrin níbí. Alẹ́ ni mo ti ń múra òwúrọ̀ sílẹ̀: mo á pọn omi sínú kẹ́tù, mo á rẹ tówẹ́ẹ̀lì sómi, mo á fún un, mo á sì fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí imú mi má baà gbẹ.

Òrí ṣe kókó. Ọjà Ìpàta ni mo ti ń ra tèmi. Ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́, kí ẹ wá fi pa gìgísẹ̀ àti ètè nígbà tí omi ìwẹ̀ kò tíì gbẹ tán lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àdògán eléèédú wọ yàrá torí òtútù. Mo ṣe é lọ́dún kan, mo ti fèrèsé pa. Orí ń fọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò ranlẹ̀ mọ́; ńṣe ni mo rá kòrò dé ẹnu ọ̀nà. Gáàsì olóró tó ń jáde lára èédú tó ń jó kò ní òórùn rárá, ẹni tó ń dágbé kò sì ní ẹni tí yóò jí i. Ìta ni mo ti ń dáná báyìí. Ìyá tí yàrá wa kọjú síra máa ń kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀. Èmi náà ń kan tiwọn.